Ẹbìtì Abẹ́ Karafáànù

Ẹ̀yin aládùúgbò mi ní Ìkẹjà GRA, láti Isaac John títí dé Odùduwà Crescent, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Ohun tí ọkọ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀ pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ orí táyà tí wọ́n yá fún ìnáwó wà níbẹ̀, ilé ìdáná alágbèéká náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni karafáànù tòkunbọ̀ tí ẹnìkan rà wọlé láti Amẹ́ríkà kó lè fi ṣe ọ́fíìsì. Wọn ò ní ẹ́ńjìnì tó ń gbé wọn rìn, wọn ò sì ní awakọ̀. Ìkọ́ kan ló so wọ́n mọ́ ọkọ̀ tó wà níwájú. Bí ìkọ́ yẹn bá já lójú ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony, tí ọkọ̀ pọ̀ bí eéṣú, ta ni yóò tẹ bíréèkì fún karafáànù?

Ẹ jẹ́ ká yà sí oko ná. Ẹni tó bá ti dẹ ẹbìtì rí mọ̀ pé kò sí ìdí láti dúró tì í. Òkúta ńlá wà lókè, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé e dúró, ìjẹ wà nísàlẹ̀. Olóko lè lọ sùn sílé rẹ̀. Ìgbà tí eku bá fi ẹnu kan ìjẹ, tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹ̀, òkúta já lulẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ohun méjì ló sọ ẹbìtì di ẹbìtì: igi tí yóò yẹ̀ lásìkò, àti òkúta tí yóò wúwo tó.

Irú ẹbìtì bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣe karafáànù dẹ sí iwájú rẹ̀, nítòsí ìkọ́. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ ó rí ṣúìṣì kékeré kan tí wọ́n ki píìnì bọ̀ nínú. Okùn wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ so píìnì náà mọ́ ọkọ̀ tó ń fà á. Níwọ̀n ìgbà tí píìnì bá wà nínú ihò rẹ̀, irin méjì tó wà nínú ṣúìṣì kò lè fara kan ara wọn. Bí karafáànù bá já, okùn á fa píìnì yọ, irin méjì á pàdé, iná bátìrì á sì sáré lọ sí ìdí táyà. Òòfà kan wà níbẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù bíréèkì táyà kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá ti kan òòfà yìí, á lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù tó ń yí, yíyí náà á wọ́ ọ lọ síwájú, òun náà á sì ti bíréèkì mọ́ dúrọ́ọ̀mù gbọnin. Karafáànù á dúró. Píìnì ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ ẹbìtì yìí, iná inú bátìrì sì ni òkúta rẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Òkúta oko kì í fúyẹ́ bó ti wù kó pẹ́ tó lórí igi, ṣùgbọ́n òkúta tiwa lè yọ́ tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Lójú, ẹbìtì náà dúró dáadáa: píìnì wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀, àpótí bátìrì sì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ìkọ́ já, igi yẹ̀, kò sì sí ohun tó já lulẹ̀.

Tírélà ńlá tó ń kó ọjà jáde nílé iṣẹ́ ní Ọba Àkran àti Ògbà kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí ẹbìtì gidi ni tiwọn. Sípíríǹgì tó le koko ló ń ti bíréèkì wọn pa, atẹ́gùn inú páìpù ló sì ń fún sípíríǹgì náà sẹ́yìn kí táyà tó lè yí. Bí páìpù bá já, atẹ́gùn lọ, sípíríǹgì á padà, bíréèkì á sì mú. Èrò pé kí àìsí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ mú bíréèkì ti pẹ́ láyé: láti ọdún 1872 ni George Westinghouse ará Amẹ́ríkà ti ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin. Síbẹ̀ náà, ẹbìtì tí a kò bá tọ́jú, ìtìjú ló ń kó báni. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, tánkà epo kan ṣubú lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn aláṣẹ sọ pé bíréèkì rẹ̀ ló kọ iṣẹ́. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì jóná. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ bá lè ṣeni báyìí, kí ni ká sọ nípa bátìrì tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò láti ọjọ́ tó ti kúrò ní Amẹ́ríkà?

Òfin àwọn tó ṣe é kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún ọkọ̀ ẹrù ní kí bíréèkì ohun tó já mú lójú ẹsẹ̀, kó sì dì mú fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Ní Ọsirélíà, èyí tó bá wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 kan náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò tiẹ̀ lo bátìrì fún tiwọn: okùn irin ló máa ń fa bíréèkì ọwọ́ karafáànù sókè kó tó já. Ìṣẹ́jú 15 yẹn ní ìtumọ̀. Bí karafáànù bá já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ títí awakọ̀ yóò fi padà wá fi òkúta dí táyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òòfà kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí ámpíà 3. Karafáànù oní-táyà mẹ́rin ń jẹ 12. Fún ìdámẹ́rin wákàtí kan, ámpíà-wákàtí 3 nìyẹn. Bátìrì kékeré tó máa ń wà nínú àpótí náà sábà jẹ́ fóòtì 12, ámpíà-wákàtí 5. Ẹ ó rí i pé àlékún rẹ̀ kò pọ̀, pàápàá nítorí pé bátìrì òjé kì í lè fúnni ní gbogbo ohun inú rẹ̀ tí a bá fipá gbà á kíákíá. Tó bá ti darúgbó débi pé ìdajì agbára rẹ̀ ló kù, kò ní lè dé ìṣẹ́jú 15.

Ẹ wo bátìrì yìí bí àmù omi. Àmù tó wà lójú oòrùn máa ń lọ sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bu omi inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bátìrì òjé ń dín kù fúnra rẹ̀, ooru Èkó sì ń mú kó tètè dín. Àmù tó gbẹ, a lè pọn omi kún un lọ́la, kó sì tún máa bá iṣẹ́ lọ. Bátìrì tó gbẹ fún oṣù púpọ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀: nǹkan líle kan á bo òjé inú rẹ̀, kò sì ní gba iná tó bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ máa bu kún un kó tó gbẹ. Wáyà kan nínú púlọ́ọ̀gì tó so karafáànù mọ́ ọkọ̀ máa ń gbé iná wá láti ara ọkọ̀ tó ń fà á, àmọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ sábà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí iná yẹn tó wá, karafáànù tó jókòó sínú ọgbà fún oṣù mẹ́ta kò sì rí nǹkankan gbà. Sólà pẹlẹbẹ kékeré lórí òrùlé rẹ̀ tó, tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń darí iná sí i. Ẹ má ṣe gba ṣájà ńlá tí àwọn rewáyà fi ń gbé bátìrì tírélà dìde. Ámpíà kan tàbí kó dín ló tó fún èyí.

Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó ti sinmi. Bó bá jẹ́ fóòtì 12.6 sókè, ó kún. Bó bá jẹ́ 12.2, ìdajì ló kù. Ṣùgbọ́n mítà nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí bátìrì arúgbó lè fi fóòtì tó dára hàn kó sì ṣubú lójú iṣẹ́. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ọkọ̀, kí iná ọkọ̀ má baà bo àìlera bátìrì mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ fa píìnì náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú láti fa karafáànù síwájú díẹ̀díẹ̀. Táyà gbọ́dọ̀ kọ̀ láti yí. Ẹ tètè dá píìnì padà, kí òòfà má baà jẹ bátìrì tán. Okùn píìnì náà, ara férémù ọkọ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ara ìkọ́ tàbí ẹ̀wọ̀n ààbò rẹ̀, torí ohun tó bá já pọ̀ mọ́ ìkọ́ kò lè fa píìnì yọ. Ẹ sì jẹ́ kó gùn tó láti yí ráńdábáòtù GRA láìfa ara rẹ̀.

Bí bátìrì bá ti kú, ẹ má ṣe rò pé ó dìgbà tí ẹ bá kọ̀wé sí òkè òkun. Àwọn tó ń ta bátìrì UPS ní Computer Village, ní òpópónà Ọ̀tígbà, ní fóòtì 12, ámpíà-wákàtí 7, ó sì ju ohun tí karafáànù ń béèrè lọ bó bá gba inú àpótí náà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di pé ọlọ́jọ́ dé. Bí ẹ bá sì fa píìnì tí táyà ṣì ń yí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé karafáànù yẹn kọjá géètì yín.