Kókó Orí Àwùjẹ̀: Bí Àìsàn Kan Ṣe Gba Orúkọ Dókítà Méjì n'Ìbàdàn

Àwùjẹ̀ ni ibi tí ìyá ọmọ tuntun kì í fọwọ́ líle kàn. Òrí ni wọ́n fi ń pa á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ. Bó bá jìn wọnú, àwọn ìyá àgbà á ní omi ti tán lára ọmọ, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ, torí àwọn dókítà náà ń wo ibẹ̀ fún ìdí kan náà. Ẹ wá wo ìyá tó bímọ tán tó rí i pé kókó kan jókòó sórí àwùjẹ̀ ọmọ gan-an. Ó rọ̀ lọ́wọ́, kò dun ọmọ, awọ tó bò ó kò yàtọ̀ sí awọ orí tó kù. Ọmọ ń mu ọyàn, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dàgbà ni kókó ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀, títí ó fi tó ẹyin ẹyẹlé. Ará ilé kan á ní ọpọlọ ló ń yọ jáde. Òmíràn á ní ọmọ náà gbé e wá láti ọ̀run ni, kí wọ́n lọ ṣèwádìí kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Kókó yìí ní orúkọ nínú ìwé àwọn oníṣègùn àgbáyé, orúkọ Yorùbá méjì tí wọ́n so pọ̀ ni: Adeloye-Odeku. Àìsàn tó ń jẹ́ orúkọ dókítà Jámánì, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì kò lóǹkà. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ Yorùbá kò pọ̀, bí wọ́n sì ṣe fún un lórúkọ yẹn tó ìtàn.

Ọdún 1927 ni wọ́n bí Emmanuel Látúndé Odeku ní Àwẹ́, ìlú tó múlé ti Ọ̀yọ́. Ó kàwé l'Ékòó, lẹ́yìn náà ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Yunifásítì Howard ní Washington, níbi tó ti di dókítà lọ́dún 1954. Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ló ti kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ lọ́dọ̀ Edgar Kahn. Nígbà yẹn, Nàìjíríà kò ní ọmọ bíbí rẹ̀ kan ṣoṣo tó mọ iṣẹ́ náà. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un láti jókòó s'Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n lọ́dún 1962 ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó sì wá sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn.

Ọdún márùn-ún péré ni UCH ti wà lójú ibi tó wà báyìí nígbà tí Odeku dé. Òun ló dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí omi kún orí wọn, àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn là láti inú oyún, ẹni tí mọ́tò gbá, ẹni tó já lulẹ̀ lórí ọ̀pẹ, ẹni tí kókó hù sínú ọpọlọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó gbogbo wọn wá. Kò sí ẹ̀rọ CT, tó ń ya àwòrán inú orí, níbikíbi láyé nígbà náà. Oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wo orí aláìsàn, ní London. X-ray lásán kì í fi ọpọlọ hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú agbárí nígbà yẹn, atẹ́gùn tàbí oògùn ni yóò fi abẹ́rẹ́ tì wọnú ara kí X-ray tó lè rí nǹkan yà, tàbí kó gbára lé ojú àti ọwọ́ rẹ̀.

Adélọlá Adélóyè, tóun náà kọ́ṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ló dara pọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1967, orí tí ọta ìbọn bà sì di ara iṣẹ́ àwọn méjèèjì; wọ́n kọ ìwé lórí bí irú orí bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nínú X-ray. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn yìí nìyí. Ní ẹ̀ka tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kún, ẹnì kan ṣì ráyè tọ́jú fáìlì ọmọ tí kò ní ju kókó tí kò dùn ún lọ, ó sì fi í ti fáìlì èyí tó wá ṣáájú, títí wọ́n fi pé 18.

Kí ni kókó náà gan-an? Ohun tí dókítà ń kọ́kọ́ bẹ̀rù ni pé kó má lọ jẹ́ ọpọlọ ló gba ojú ihò agbárí yọ síta, torí irú ìyẹn wà, àwọn ọmọ kan ń bá a wáyé. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gé ìyẹn bí ẹni gé kókó lásán, ewu ńlá ni. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyá á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, dókítà á rọra fi ìka méjì lé kókó náà. Bó bá jẹ́ ọpọlọ ló yọ, ó lè máa lù kìkì lábẹ́ ìka, bí ọmọ bá sì figbe ta, á wú sí i. Nítorí náà wọn kì í tètè rẹ ọmọ lẹ́kún nínú yàrá yẹn. Ẹkún náà wúlò. Bí kókó kò bá lù, tí kò wú pẹ̀lú ẹkún, wọ́n á pa iná, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ sábà máa ń là á kọjá, torí omi tó mọ́ gaara ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n rí n'Ìbàdàn. X-ray á wá fi hàn bóyá egungun abẹ́ rẹ̀ ti pa dé tàbí ó kàn jìn díẹ̀ níbi tí kókó ti tẹ̀ ẹ́.

Awọ ló di kókó. Nígbà tí oyún kò tíì ju bí oṣù kan lọ, ohun tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ṣì lẹ̀ mọ́ ohun tí yóò di awọ. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì pínyà pátápátá. Bí wọ́n bá ń pínyà tí ìwọ̀nba awọ díẹ̀ há síbi tí kò yẹ kó wà, iṣẹ́ awọ náà ni yóò máa ṣe níbẹ̀: yóò máa tú ohun tí awọ ń tú jáde sínú àpò tí kò lẹ́nu. Àpò náà ni kókó. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kò sì wọnú ọpọlọ. Kò sóhun tí ìyá jẹ nínú oyún, kò sì sẹ́ni tó ṣe é.

Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò le bí àwọn iṣẹ́ abẹ orí yòókù, àmọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi kánjú ṣe. Wọ́n á fi oògùn mú ọmọ sùn, wọ́n á ṣí awọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó, wọ́n á sì máa yọ àpò náà kúrò lára ohun tó lẹ̀ mọ́, kí ó má bẹ́. Wọ́n ń fẹ́ kó jáde lódidi, torí bí èépá àpò náà bá kù sílẹ̀, kókó lè padà wá. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kan gbà kọjá láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ rọ̀. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gún kókó orí àwùjẹ̀ lábẹ́rẹ́ tàbí kó fi abẹ là á nílé. Ìdọ̀tí tó bá gba ojú ihò yẹn wọlé kò jìnnà sí ọpọlọ. Ọmọ tí wọ́n bá yọ kókó rẹ̀ dáadáa kì í sábà nílò ìtọ́jú mìíràn, irun á sì bo ojú àpá.

Ọdún 1971 ni Adélóyè àti Odeku gbé ìwé wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n kọ sí àkọlé ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n rí i lára wọn, òótọ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ àkọlé yẹn ló wá kó àwọn òǹkàwé kan sí ṣìbáṣìbo: wọ́n gbà pé àìsàn àwọn èèyàn dúdú nìkan ni. Lọ́dún 1980, àwọn dókítà Ojíkùtù àti Mordi tẹ ìwé tiwọn jáde nípa àwọn àgbàlagbà ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé kókó náà kiri lórí. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó bí wọn kò gbé wọn lọ ilé ìwòsàn, tàbí kò ríbi gbé wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibòmíràn wá, láti Japan, láti Íńdíà, láti Amẹ́ríkà, láti Brazil. Ara ọmọ gbogbo ẹ̀yà ni wọ́n ti ń rí i.

Èrò tèmi ni pé a máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ nígbà tá a bá ní àìsàn kan kò wọ́pọ̀. Ìwé tó sọ̀rọ̀ kókó yìí kò tó nǹkan kó tó di 1971, síbẹ̀ àwọn ọmọ tó ní in ń bẹ. Ẹni tó máa kà wọ́n ni kò sí nítòsí. Lásìkò kan náà, ní UCH kan náà, Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró dáadáa lágbègbè Ẹ̀pẹ́, ó ń tọpa rẹ̀ lọ sínú oúnjẹ ẹ̀gẹ́. Irú ilé ìwòsàn tí Ìbàdàn ní nígbà yẹn nìyẹn.

Odeku kò pẹ́ láyé. Àtọ̀gbẹ ba ara rẹ̀ jẹ́, ó sì kú ní London ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, lẹ́ni ọdún 47. Ó ti gbé ìwé ewì méjì jáde pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ abẹ yẹn. Ilé ìkàwé kọ́lẹ́jì ìṣègùn Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Adélóyè ṣiṣẹ́ títí dé Màláwì, ó sì kọ ìwé ìtàn nípa àwọn dókítà Nàìjíríà ìgbà ayé Victoria, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ì bá má mọ̀ rárá.

Àwọn dókítà kan ti ń fi orúkọ Adeloye-Odeku sílẹ̀ báyìí, wọ́n ń pe kókó náà ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tó wà. Mi ò bá wọn jà. Irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ àwọn òyìnbó náà. Àmọ́ dókítà tó bá rí ọmọ kan tó ní in, yálà ní Tokyo tàbí São Paulo, tó sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé 1971 yẹn ló ṣì ń bá pàdé níwájú.