Ohun tí wọ́n ṣe kí ẹ̀bẹ̀ tó dé

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2014, nínú kàtídírà Canterbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Justin Welby, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà, tọrọ àforíjì ní gbangba fún ìwà tí ìjọ rẹ̀ hù sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀nà ẹ̀tọ́ ni wọ́n gbà fi ọkùnrin náà joyè, àti pé lẹ́yìn náà ni wọ́n dalẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì já a kulẹ̀. Ọjọ́ náà pé ọdún 150 gééré tí wọ́n ti fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ilé ìsìn kan náà. Ṣùgbọ́n ọdún 1890 ni ìwà tí wọ́n ń tọrọ àforíjì lé lórí ti ṣẹlẹ̀. Ọdún 124 ni ẹ̀bẹ̀ náà fi wà lójú ọ̀nà.

Ta ni í lè dúró de ẹ̀bẹ̀ fún ọdún 124? Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn ti sùn nínú ibojì tipẹ́. Ohun tí ó yẹ kí á bèèrè ni ohun tí wọ́n fi gbé ara wọn ró kí ó tó dé, nítorí kò sí bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ṣe ní mọ ẹnì kan tí olórí ìjọ ti ṣá lọ́gbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì wá bẹ̀.

Crowther kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọmọ Òṣogùn ni, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n gbé e dé Freetown. Ó dé Kétu ní 1853, ààfin Alákétu sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Òun náà ni aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ, onígbàgbọ́ tó bá ń ka Ìwé Mímọ́ ní Yorùbá ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó fi máa di 1890, bàbá náà ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Iṣẹ́ ìhìnrere etí odò Ọya wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ni ó sì ń ṣe é: àlùfáà, katikísì, olùkọ́ ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Sierra Leone, wọ́n kó aya àti ọmọ wá sí ilẹ̀ tí wọn kò ti ní ẹbí kankan. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìtara ń jó bí iná lára wọn. Graham Wilmot Brooke àti J. A. Robinson wà nínú wọn, F. N. Eden ni akọ̀wé wọn. Wọ́n wo àwọn òṣìṣẹ́ Crowther, wọ́n ní oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n ní ọ̀mùtí ni wọ́n, wọ́n ní ìwà wọn kò mọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó tó wáyé ní Onitsha, wọ́n lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì dá àwọn mìíràn dúró. Dandeson Crowther, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, tó ń bójú tó àwọn ìjọ ìsàlẹ̀ odò, wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Bàbá bèèrè bóyá akọ̀wé ní àṣẹ láti dá àlùfáà tó wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù dúró. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn.

N kò ní sọ pé ẹni mímọ́ ni gbogbo àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Àwọn kan nínú wọn ti ṣìwà hù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fi ẹ̀sùn kàn náà ni ó tún jókòó ṣe adájọ́, wọ́n sì da ẹni tó ṣẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹni tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Àwọn àgbà wa ti ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Oró irú ìyà bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀gá iṣẹ́ tàbí aláṣẹ ìlú fi ń jẹni. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè gba ilé Ọlọ́run lọ láti sunkún. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́run lé, níbo ni yóò ti sunkún tirẹ̀?

Àwọn ará Bonny àti àwọn ìlú Dẹ́lítà tó yí i ká kò dúró de kí Lọ́ńdọ̀nù ronú pìwà dà. Oníṣòwò epo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì mọ ohun tí owó lè ṣe. Wọ́n pinnu pé àwọn yóò máa bọ́ àwọn àlùfáà àwọn fúnra wọn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyẹn wá. Ní 1892 ètò náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹni tí wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀ ni Dandeson Crowther, ẹni tí wọ́n dá dúró ní Onitsha. Wọn kò kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n kàn kọ̀ láti gbà pé ẹni tí wọ́n mọ̀ ní ojúmọ́ ni ẹni tí àwọn àlejò ń ṣàpèjúwe. Bàbá kò rí i kí ètò náà bẹ̀rẹ̀, nítorí ó kú sí Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn tó gbìmọ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn kan gbà ní Èkó. Ní oṣù kìíní 1891, Edward Blyden sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pé ó yẹ kí aláwọ̀ dúdú ní ìjọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, àwọn kan péjọ, W. E. Cole wà nínú àwọn aṣáájú wọn, wọ́n sì dá United Native African Church sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ti Breadfruit dé. Wọ́n ti fi James Johnson, àlùfáà ìjọ náà, jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900; ní 1901 Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell gba ìjọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú bí àwọn ọmọ ìjọ, ọ̀pọ̀ wọn jáde, wọ́n sì dá Bethel sílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde, òun kò sì bá wọn jáde. Ó dúró síbi tí wọ́n ti dùn ún, ó sì ń bójú tó àwọn ìjọ Dẹ́lítà títí ó fi kú ní 1917.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí á jáde ni àbí kí á dúró, ìtàn yìí kò fún mi ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Àwọn tó jáde rí ìsinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn fúnra wọn, nítorí ìjọ tuntun náà ní olórí, ènìyàn sì ni olórí. Àwọn tó dúró jẹ ìyà sí i. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé kò sí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ láti dá ẹrù ẹ̀sùn rẹ̀ rù. H. H. Dobinson pàápàá, tó wà nínú ìgbìmọ̀ 1890, yí ọkàn padà: kí ó tó kú ní 1897, ó ti gbà pé àwọn ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú náà níkà.

Ní tiwa lónìí, àjèjì kọ́ ni ó sábà máa ń ṣá ni lọ́gbẹ́. Àṣírí tí ọmọbìnrin kan gbé lọ sí yàrá àdúrà ní ọjọ́rú di ìwàásù ní ọjọ́ ìsinmi. Ìyá àgbà tí kò ní olùgbèjà di àjẹ́ lẹ́nu wòlíì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bèèrè ọ̀nà tí owó ìkọ́lé gbà di ọlọ̀tẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kí i mọ́. N kò ní ìjọ kan lọ́kàn. Kò sí èyí tí irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ aláṣọ funfun, ì báà jẹ́ ti àwọn tí ń fi dùùrù kọrin.

Ìdákẹ́jẹ́ tó ń tẹ̀lé e ni ó máa ń dá kún ọgbẹ́ náà. Wọ́n á ní kí á má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Sáàmù 105 níbi tí ọ̀rọ̀ náà wà, kí ẹ sì kà á láti ẹsẹ 12. Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ni ó ń sọ nípa wọn, ní ìgbà tí wọn kò tó nǹkan, tí wọ́n ń ti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí àlejò. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń bá wí nítorí wọn. Ìkìlọ̀ fún alágbára ni, a sì ti sọ ọ́ di odi tí alágbára ń sá pamọ́ sí!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ènìyàn márùn-ún ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ lè ṣe ohun tí àwọn ará Bonny ṣe. Ẹ lọ sílé ẹni tí wọ́n ní kí á má kí, kí ẹ sì gbé oúnjẹ dání. Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ẹ má tíì bi í ìjọ wo ni ó ń lọ báyìí, ẹ má sì kánjú sọ fún un pé kí ó dárí jì. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù rẹ̀. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Onitsha, kí ni Welby ì bá rí jẹ́wọ́? Bí wọ́n bá lu ènìyàn, tàbí tí wọ́n fipá bá ọmọbìnrin lò, tàbí tí wọ́n ṣe ọmọdé níṣekúṣe, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti àwọn àgbà ìjọ: ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì bá ẹni náà lọ, nítorí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ a máa dẹ́rù ba ẹni tó bá dá lọ.

Ìwé kan wà nínú Bíbélì tí àwọn oníwàásù kì í sábà ṣí, bóyá nítorí pé ó kúrú. Jòhánù kẹta ni. Olórí ìjọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Díótíréfè: ó fẹ́ràn ipò iwájú, kò gba àwọn ará tó wá ṣe àlejò, ó sì ń lé àwọn tó bá fẹ́ gbà wọ́n kúrò nínú ìjọ. Àgbà tó kọ lẹ́tà náà sọ pé bí òun bá dé, òun yóò mú ìwà rẹ̀ wá sójú gbangba. Ṣùgbọ́n Gáíù ni ó kọ ọ́ sí, ẹni tó ń gba àwọn àlejò sílé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí ó máa bá a lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ nínú òun, òun kò kàn fẹ́ fi tàdáwà kọ ọ́ ni. Òun ń bọ̀ láìpẹ́, kí àwọn lè jọ sọ ọ́ lójúkojú. Ó wá ní kí ó bá òun kí àwọn ọ̀rẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.