Èrè tí kọ̀ǹpútà pè ní èrè: Bí oníṣòwò ṣe lè to àkáǹtì rẹ̀ kó tó kó o sínú ẹ̀rọ

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí fún oníṣòwò tó sáré kó ìṣírò owó rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láì kọ́kọ́ to orúkọ àwọn àkáǹtì rẹ̀ dáadáa.

Ní Apple Junction, níbi tí àwọn ará Festac Town àti Amuwo-Odofin ti jọ ń ná owó, tí kò sì jìnnà sí ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair, owó ń gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé. POS ń mú tirẹ̀ wá, tránsífà ń mú tirẹ̀ wá, owó ọwọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ìwé kékeré abẹ́ káńtà kì í lè gbé gbogbo rẹ̀ mọ́ bí òwò bá ti ń gbòòrò. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò kéékèèké fi ń lo software ìṣírò owó bíi QuickBooks, Sage, Zoho Books tàbí GnuCash, tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ohun tí software yìí nílò ni àkójọ orúkọ àkáǹtì, èyí tí wọ́n kọ Chart of Accounts sí lójú kọ̀ǹpútà.

Ìdílé márùn-ún

Kì í ṣe àkáǹtì báǹkì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Owó kọ̀ọ̀kan tó bá kan òwò gbọ́dọ̀ ní ilé tí yóò máa wọ̀ sí, ilé náà ni àkáǹtì. Ìdílé márùn-ún ni àwọn ilé náà pín sí: ohun ìní, gbèsè, ojú owó, owó tó ń wọlé àti ìnáwó. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1494 ni Luca Pacioli, ọmọ Ítálì, tẹ ìwé jáde ní Venice, tó ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń kọ owó kan náà sí ojú méjì. Kọ̀ǹpútà kàn ń bá èèyàn yára ṣe é ni.

Ibi tí ewu wà

Software kò mọ òwò. Bí wọ́n bá to owó tí wọ́n yá sábẹ́ owó tó ń wọlé, yóò gbà á, kò ní í pariwo.

Bí àpẹẹrẹ, kí ẹnì kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ta ọjà N1,000,000 lóṣù kan. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí òfin ní kó máa gba VAT, yóò gba N75,000 lé e, nítorí náírà méje àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà ni VAT láti oṣù kejì ọdún 2020. Mẹkáníìkì kan san N300,000 sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì tí kò tíì dé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá a ní N500,000. Gbogbo owó tó wọlé lóṣù náà jẹ́ N1,875,000.

N700,000 ló fi ra ọjà tó tà. Owó ṣọ́ọ̀bù, iná àti owó ọmọṣẹ́ jẹ́ N150,000. Èrè rẹ̀ gan-an kò ju N150,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo owó tó wọlé bá wà lábẹ́ owó ọjà, kọ̀ǹpútà yóò sọ pé ó jèrè N1,025,000. N875,000 tó lé yẹn kì í ṣe tirẹ̀: ìjọba ló ni N75,000, mẹkáníìkì ló ni N300,000, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ni N500,000. Bí ó bá fi san owó ilé-ìwé ọmọ, owó olówó ló ná.

Nítorí náà, abẹ́ gbèsè ni VAT, owó àsansílẹ̀ oníbàárà àti owó yíyá ń gbé. Èlé orí owó yíyá nìkan ni ìnáwó. Ohun ìní ni ọjà inú ṣọ́ọ̀bù títí wọn yóò fi tà á, bẹ́ẹ̀ náà ni owó àwìn tó wà lọ́wọ́ oníbàárà. Owó tí ọ̀gá mú lọ sílé kì í ṣe ìnáwó òwò, ara ojú owó ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń kó o wọlé

Orí ìwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Excel, kí àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: nọ́ńbà, orúkọ àti irú ìdílé tó ti wá. Ẹ má fi òdo bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà, nítorí Excel sábà máa ń gé e dànù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo 1000 fún ohun ìní, 2000 fún gbèsè, títí lọ dé 5000 fún ìnáwó. Ẹ má fi kọ́mà sínú orúkọ, kó má baà da ìlà rú.

Bí àkáǹtì kan bá wà lábẹ́ òmíràn, QuickBooks àti GnuCash ń fi àmì : sí àárín wọn, bíi Báǹkì:POS. Ẹ tọ́jú fáìlì náà gẹ́gẹ́ bíi CSV, kí ẹ wá tẹ Import.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú software sílẹ̀, kí ẹ sì wo àwọn àkáǹtì tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́, kí orúkọ kan má baà di méjì. Ẹ kọ́kọ́ fi àkáǹtì mẹ́rin tàbí márùn-ún dán an wò.

Orúkọ nìkan ló sábà máa ń wọlé, owó kì í tẹ̀lé e. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ ka ọjà, ẹ gba ìwé owó lọ́wọ́ báǹkì, ẹ kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, kí ẹ tó fi iye sí i. Bí ohun ìní kò bá dọ́gba pẹ̀lú àpapọ̀ gbèsè àti ojú owó, àṣìṣe wà níbì kan.

Ìwé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má sun ún. Òfin CAMA ti ọdún 2020 ní kí kọ́ńpìnnì tọ́jú ìwé ìṣírò owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ohun tí oníṣòwò bá kó fún kọ̀ǹpútà ni kọ̀ǹpútà yóò kó padà fún un.