Bubo Na Tchuto, Olórí Ogun Ojú Omi tí ó Ta Ojú Omi

Ẹni tí ó bá ti Abúlé Òkúta gba Bàrígà lọ sí etí ọ̀sà ní ìhà Ìlàjẹ, yóò rí ọkọ̀ àwọn apẹja bí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde. Ta ni yóò tú àwọ̀n gbogbo wọn wò? Kí òǹkàwé fi irú omi bẹ́ẹ̀ sí ọkàn, kí ó wá fi ojú inú wo orílẹ̀-èdè kékeré kan tí erékùṣù tí ó lé ní 80 wà níwájú rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì ní olùgbé. Gínì-Bìsáù ni orílẹ̀-èdè náà, Bijagós ni orúkọ àwọn erékùṣù rẹ̀.

Láti 1963 títí di 1974 ni àwọn ará ibẹ̀ fi bá àwọn Pọtogí tí ń jọba lé wọn lórí jagun. Amílcar Cabral ni aṣáájú wọn, kí a tó pa á ní ìlú Conakry ní oṣù kìn-ín-ní 1973. Wọn kì í ṣe ọmọ ogun ìjọba kankan. Inú igbó àti àbàtà ni wọ́n ti ń lúgọ de ọ̀tá. Ọ̀kan nínú irú àwọn jagunjagun bẹ́ẹ̀ ni José Américo Bubo Na Tchuto. Nígbà tí òmìnira dé, àwọn tí ó ti inú igbó jáde ni ó di ológun ìlú, nígbà tí ó sì yá, òun di olórí àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ẹ̀jẹ̀ ni irú wọn fi ra ọlá wọn, nítorí náà kò rọrùn fún ará ìlú láti bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní nǹkan bí 2005, àwọn onífàyàwọ́ kokéènì láti Gúúsù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá lọ sí Yúróòpù. Kokéènì kì í hù ní Gínì-Bìsáù. Ọ̀nà ni wọ́n ń wá. Ọkọ̀ òfurufú lè balẹ̀ sí erékùṣù, tàbí kí ọkọ̀ kékeré lọ pàdé ọkọ̀ ńlá láàárín òkun. Nínú irú òwò báyìí, aláṣẹ kò ní láti fi ọwọ́ kan ẹrù rárá. Bí ẹni tí a fi ṣọ́ òkun bá ti gbé ojú kúrò, ẹrù ti kọjá nìyẹn. Gbígbé ojú kúrò náà ni ọjà tí ó ń tà. Ní oṣù keje 2008, ọkọ̀ òfurufú kan láti Venezuela balẹ̀ sí Bissau, a sì fura pé kokéènì ni ó rù. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ lẹ́yìn náà pé Na Tchuto lọ́wọ́ sí i.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, a fi ẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ dìtẹ̀ gba ìjọba, ó sì sá lọ sí Gáḿbíà. Ní ìparí 2009 ó gba ojú omi padà wálé, ó múra bí apẹja, ó sì lọ sá pamọ́ sí ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Bissau. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 2010, àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ mọ́ ọ̀gá wọn, Na Tchuto sì jáde. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí ni Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn abẹnugan oníṣòwò oògùn olóró. Síbẹ̀, kí ọdún náà tó parí, wọ́n dá a padà sí ipò rẹ̀. Ẹni tí a fi ẹ̀sùn fàyàwọ́ kàn ni a tún fi ṣọ́ òkun!

Ní 2012, àwọn kan tọ̀ ọ́ wá bí oníṣòwò kokéènì. Kò mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni ó rán wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀sùn ti wí, ó ní ìjọba kò lágbára nítorí ìdìtẹ̀gbàjọba tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, nítorí náà àkókò dára fún òwò. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni ó bù lé 1,000 kílò tí yóò bá gba ilẹ̀ wọn kọjá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 2013, wọ́n mú un nínú ọkọ̀ lójú òkun nítòsí Cape Verde, wọ́n sì gbé e lọ sí New York. Ó jẹ́wọ́ pé òun jẹ̀bi. Ní oṣù kẹwàá 2016 adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin fún un, ṣùgbọ́n ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì padà sílé.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì 2022, ìbọn tún dún ní ilé ìjọba ní Bissau, ènìyàn 11 sì kú. Nígbà tí Ààrẹ ìgbà náà, Umaro Sissoco Embaló, dárúkọ àwọn tí ó ní wọ́n wà nídìí rẹ̀, Bubo Na Tchuto wà nínú wọn, pẹ̀lú àwọn méjì tí a jọ mú wọn lójú òkun ní 2013.