Orúkọ olóògbé tó ń rí bàìbàì nínú fídíò: kí ẹ tó sanwó tán, ẹ wádìí

Kò wọ́pọ̀ mọ́ nílẹ̀ Yorùbá kí wọ́n sìnkú àgbà tàbí kí wọ́n ṣe ìwúyè láìpe ẹni tí yóò ya fídíò rẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà kò sì kéré. Síbẹ̀, bí fídíò ọ̀hún bá délé, ojú àwọn àlejò lè mọ́ kedere, kí orúkọ olóògbé tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ máa rí bàìbàì. Àmì abẹ́ lẹ́tà á ti pòórá, àmì ohùn á sì ti di eruku. Bí àwọn àmì wọ̀nyí bá lọ, kò sí ìyàtọ̀ mọ́ láàrin ọ̀ṣọ́ tí à ń lò sára àti oṣó tí à ń sá fún!

Ẹ̀bi kámẹ́rà kọ́. Bí wọ́n bá ti gé fídíò tán, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ di gbogbo àwòrán náà pọ̀ kó má baà gbàyè jù. Ọ̀nà tó ń gbà dì í ni wọ́n ń pè ní kódẹ̀kì. Oríṣiríṣi ló wà, wọn kò sì dọ́gba.

Àwòrán dà bí àkójọpọ̀ hóró iyanrìn. VCD tí a fi ń wo fíìmù láyé ọdún 2000 sí òkè ń lo kódẹ̀kì MPEG-1, hóró 352 ní ìbú àti 288 ní òòró péré ló ní. Àmì abẹ́ lẹ́tà kékeré lè má tó hóró kan níbẹ̀. DVD, tó ń lo MPEG-2, ní 720 àti 576.

H.264, tó jáde lọ́dún 2003, ló gbòde lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń lò ó, hóró mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan ṣoṣo lò. Ojú wa kì í fura sí i lára aṣọ tàbí lára igi, àmọ́ etí lẹ́tà gbọ́dọ̀ mú. Lẹ́tà pupa lórí aṣọ dúdú ló ń jìyà jù. Á tàn kálẹ̀ bíi yíǹkì tómi kàn. Bí wọ́n bá tún fún un pọ̀ jù, lẹ́tà funfun pàápàá á bàjẹ́.

Ohun tó dára ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi kódẹ̀kì tí kì í fún àwòrán pọ̀ jù tọ́jú ojúlówó rẹ̀. ProRes, tí ilé iṣẹ́ Apple gbé jáde lọ́dún 2007, jẹ́ ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní ProRes 4444 kì í dín àwọ̀ kù rárá. Ó wúwo o! Wákàtí kan ProRes 422 lásán lè gba nǹkan bíi gígábáìtì 55, ẹ ó sì ra háàdì dísìkì fún un. Lára ojúlówó yìí ni kí wọ́n ti ṣe H.264 tí àwọn ọmọ yóò máa wò lórí fóònù. Èyí tó gba orí WhatsApp wá kò ṣe é fi pamọ́ fún ìrántí, nítorí wọ́n ti tún un fún.

Bí owó dísìkì kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà funfun ńlá kọ orúkọ, kí wọ́n má sì fún H.264 náà pọ̀ jù. Kí ẹ tó san owó tó kù, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá. Ti fóònù máa ń tan ojú jẹ.