Ọ̀nà Àtijọ́ Tó Gba Àárín Àpáta Alédjo

Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ ti Sokodé lọ sí Kara lónìí ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ni ọ̀nà tuntun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 2010. Ó yí òkè Alédjo ká, kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù má baà gun òkè náà mọ́. Èkejì ni ọ̀nà àtijọ́. Ó gun òkè, ó rí kọ́lọkọ̀lọ, ó sì gba àárín àpáta kọjá. Ọ̀nà àtijọ́ yìí, àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà wa ní Komah, ní Sokodé. A ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àmì ojú ọ̀nà. Bàbá kan tó ti lé ní 60 ọdún na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Olùkọ́, ọdún 12 ni mo fi tẹ̀lé ọkọ̀ akẹ́rù ní ọ̀nà Kara. Pátákó kan wà lẹ́bàá àpáta Alédjo, ní ìhà Bafilo. Gbogbo ìgbà tí a bá kọjá ni mò ń rí i. Títí di òní, n kò mọ ohun tó sọ.”

Kíláàsì dákẹ́. Ìyá kan tó jẹ́ aránṣọ, ọmọ Kambolé, ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí a lọ kà á.”

Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò wa ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àpáta ní ọ̀tún, àpáta ní òsì

A kúrò ní Komah kí oòrùn tó yọ, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. Àwa márùn-ún ni. Alùpùpù mẹ́ta ni a gùn. Ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé Bàbá àti Ìyá aránṣọ, èmi sì gun tèmi.

Láti Sokodé dé Alédjo kò tó 50 kìlómítà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gun òkè ni ayé ń yí padà. Oko iṣu ń dín kù, òkúta ń pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ ń tutù sí i. Bí ènìyàn bá bojú wẹ̀yìn, yóò rí ilẹ̀ tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀.

Lójijì ni ọ̀nà wọ àárín òkúta. Àpáta dúró ní ọ̀tún bí ògiri. Àpáta dúró ní òsì bí ògiri. Ọ̀nà ọlọ́dà gba àárín wọn kọjá. Àwọn tó ń kọ̀wé ní èdè Faransé ń pe ibẹ̀ ní Faille d'Alédjo. Ènìyàn ló là á kí ọkọ̀ lè kọjá.

Òkúta tó le gan-an ni. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é ní quartzite. Iyanrìn ni ó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ooru sè é, ó sì di òkúta. Ó tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún tí ilẹ̀ ti gbé òkè wọ̀nyí sókè. Òkè Alédjo kò dá dúró. Ó wà lára àwọn òkè tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti òkè Agou, tó ga tó 986 mítà ní gúúsù Tógò, títí lọ dé Atakora ní orílẹ̀-èdè Benin.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. Ó fi ọwọ́ kan òkúta náà. Ó sọ fún wa pé bí ọkọ̀ wọn bá ti dé ibẹ̀, awakọ̀ yóò tẹ fèrè lọ́pọ̀ ìgbà. Bí kò bá gbọ́ fèrè mìíràn láti ìhà kejì, yóò wọlé. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, Bàbá yóò fo sílẹ̀, yóò máa sáré tẹ̀lé táyà ẹ̀yìn pẹ̀lú ìtì igi lọ́wọ́. Bí bíréèkì bá kọ̀, òun ni yóò ju igi náà sábẹ́ táyà.

Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ọkọ̀ bíi tèmi, bíréèkì ọkọ̀ wọn kọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè yìí. A kò rí i mú bọ̀ wálé.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa náà kò béèrè.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n

Ènìyàn ti ń gba òkè wọ̀nyí kọjá kí ọkọ̀ tó dé. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣòwò Hausa ń ti ìlú wọn wá ra obì gbánja ní ọjà Salaga, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí. Wọ́n ń kó aṣọ, awọ àti kán-ún wá. Wọ́n ń kó obì padà. Wọ́n ń ra ẹrú, wọ́n sì ń tà á pẹ̀lú. Òtítọ́ ni èyí, kò yẹ kí a fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba Djougou kọjá, wọ́n sì ń la ilẹ̀ Tem kọjá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì ń ru ẹrù wọn.

Àwọn ẹlẹ́ṣin Tem ti ìjọba Tchaoudjo ló ń ṣọ́ ọ̀nà nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá láìséwu yóò san owó ibodè. Ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń sinmi ni wọ́n ti ń dá ọjà sílẹ̀, ibẹ̀ ni àlejò sì ti ń di onílé. Àwa tí à ń sọ Yorùbá ní Komah, ní Tchamba àti ní Kambolé mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Àwọn ìbátan wa wà ní Manigri, ní òdì kejì ààlà, èdè kan náà ni à ń sọ. Ẹsẹ̀ ló so wá pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà. Kò sí bí àwa Yorùbá ṣe lè gbọ́ orúkọ Alédjo kí a má rántí àlejò.

Nínú àfonífojì

Ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ agbègbè náà ló gbà láti mú wa lọ. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀. Èdè Tem ni ó fi bá wa sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì gbọ́ ọ, nítorí kò sí ọmọ Komah tí kò gbọ́ Tem. A fi alùpùpù sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, a san owó díẹ̀ fún ẹni tí yóò ṣọ́ wọn. Ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan yà kúrò lára ọ̀nà ọlọ́dà. Ènìyàn lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó má rí i, torí koríko ti bò ó.

Ọ̀nà náà ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú àfonífojì tóóró kan. Òkúta ibẹ̀ ń dán, omi ló ti fọ̀ ọ́ dán láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ náà, ilẹ̀ odò gbẹ. Iyanrìn nìkan ni a rí, àti ipasẹ̀ ẹyẹ. Ìyá aránṣọ bọ́ bàtà rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú iyanrìn kí ó sinmi.

Ẹni tó ń mú wa lọ na ọwọ́ dí i lọ́nà. Ó ń wo òkè jíjìn. A wo ibi tó ń wò. Ọ̀run mọ́ lórí wa, ṣùgbọ́n ìkùukùu dúdú kan wà lókèèrè. Ó ní kí a máṣe wọ inú iyanrìn. Ó ní kí a jókòó sórí àpáta gíga. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Òjò kankan kò rọ̀ níbí.”

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí mọ́tò ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni a rí omi. Ó pọ́n, ó gbé ewé àti igi lọ́wọ́. Ó kún ibi tí Ìyá aránṣọ ì bá jókòó sí, ó sì ga dé orúnkún, lẹ́yìn náà dé ìbàdí. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ oko, ilẹ̀ yóò mu nínú rẹ̀. Òkúta kì í mu omi. Gbogbo omi tó bá bọ́ sórí òkúta yóò máa ṣàn lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tóóró, omi yóò ga, yóò sì yára. Nítorí náà, òjò tó rọ̀ ní ibi jíjìn lè pa ẹni tí ojú ọ̀run mọ́ lórí rẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ní aṣálẹ̀ pàápàá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1997, àgbàrá bo àwọn arìnrìn-àjò nínú àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Antelope Canyon, ní Arizona, ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 11 ló kú. Ibi jíjìn ni òjò ti rọ̀. Ilẹ̀ àwọn ará Navajo ni ibẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láìsí amọ̀nà.

Ohun tí omi náà ń ṣe fún wa

A kò gbọ́dọ̀ bú omi nítorí ìyẹn. Ní orílẹ̀-èdè Chad, nínú aṣálẹ̀ Ennedi tí UNESCO fi sára ogún gbogbo ayé ní ọdún 2016, àfonífojì olókúta kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Archei. Omi wà nínú rẹ̀. Àwọn darandaran ń kó ràkúnmí wá mu níbẹ̀. Àwọn ọ̀nì díẹ̀ ṣì wà nínú omi náà, ìran àwọn tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí aṣálẹ̀ náà kì í ṣe aṣálẹ̀. Omi kékeré kan nínú àpáta ló dá ẹ̀mí gbogbo wọn sí.

Tiwa náà kò kéré. Odò Mono bẹ̀rẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, láàrin Sokodé àti ààlà Benin. Ó ṣàn lọ sí gúúsù títí dé òkun. Ní ọdún 1987, wọ́n ṣí ìdídò Nangbéto lórí rẹ̀, iná mànàmáná tó ń ti ibẹ̀ wá sì jẹ́ ti Tógò àti Benin. Bí a bá sun igbó orí òkè nínú ọyẹ́, bí a bá gé igi ibẹ̀ tán láti fi ṣe èédú, ilẹ̀ tó ń mu omi yóò bá àgbàrá lọ. Òkúta nìkan ni yóò kù. Nígbà náà, omi yóò pọ̀ jù lóṣù òjò, kò sì ní sí rárá lóṣù ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Ọ̀nà náà dára láti rí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó fi nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn.

Kí ó kọ́kọ́ kí àwọn àgbà abúlé, kí ó sì wá ọmọ ibẹ̀ kan tí yóò mú un lọ. Abèèrè kì í ṣìnà. Kí ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá ti ń ṣú níbikíbi, kí ó jìnnà sí ilẹ̀ odò.

Kí ó wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí ejò àti òkúta mímú. Kí ó dé àṣíborí lórí alùpùpù. Kí ó gbé omi tó pọ̀, nǹkan bí lítà mẹ́ta fún ẹnì kan fún ọjọ́ kan. Kí ó sọ fún ará ilé ibi tó ń lọ àti ìgbà tí yóò padà, nítorí fóònù lè má ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ àfonífojì. Kí ó má fi iná sílẹ̀, kí ó má fi ọ̀rá sílẹ̀.

Pátákó náà

Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà gbé wa jáde sí ìhà Bafilo, ìlú àwọn ahunṣọ. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Pátákó náà wà níbẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ igun rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ ṣì hàn.

Bàbá dúró níwájú rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Ó kà á díẹ̀díẹ̀. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kà á. Pátákó náà sọ fún awakọ̀ pé ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀ gan-an, kí ó dín eré kù. Kò sọ ohun mìíràn.

Ó pẹ́ kí Bàbá tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Awakọ̀ wa kò mọ̀wé. Èmi náà kò mọ̀wé. Ọdún 12 ni nǹkan yìí fi ń kìlọ̀ fún wa, a rò pé orúkọ ìlú ni.”

Nígbà tí a padà dé Komah, ó béèrè ìwé àti bírò. Ó fẹ́ kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àti ibi tó kú sí. Lẹ́yìn náà ó kọ bí ọ̀nà ẹsẹ̀ náà ti lọ: igi máńgòrò, àpáta gíga, ilẹ̀ odò tí a kò gbọ́dọ̀ jókòó sí. Ojú ewé kan péré ni. Ó wà lára ògiri kíláàsì wa báyìí, ẹni tó bá wọlé lè kà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ mọ́, koríko ni yóò hù sí i. Bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá wà ní abúlé yín, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.