Zobo, mínírà, energy drink: ohun tí à ń mu nínú gosiló tó ń jẹ eyín wa díẹ̀díẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti pa mínírà tì. Bí wọ́n bá gbé e wá níbi òde, màá ní kí wọ́n fún mi lómi. Zobo ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Màá ra ìgò kan ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́wọ́ màmá kan tó ń gbé kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, màá wọ bọ́ọ̀sì, màá sì máa fi kan ẹnu díẹ̀díẹ̀ títí tí a ó fi gba Ìdímù dé Ìkòtún. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Lọ́jọ́ tí gosiló bá mú, wákàtí kan àtààbọ̀ lè lọ síbẹ̀.

Nígbà tó yá, omi tútù ò ṣe é mu mọ́. Bí mo bá fi pure water inú fìríìjì kan ẹnu báyìí, eyín mi á kan bí ẹni tó jẹ ọsàn wẹ́wẹ́. Dókítà eyín tó yẹ̀ mí wò bi mí pé, “Bọ̀ọ̀dá, mínírà mélòó lẹ ń mu lójúmọ́?” Mo ní èmi kì í mu mínírà, zobo ni mo ń mu. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ gbàgbé iye ìgò. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fi kan ẹnu kó tó tán?”

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo wa bi ara wa lónìí.

Kí ló ń jẹ eyín gan-an?

Tí ẹ bá dé ọjà Ìkòtún, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ẹni tó ń polówó oògùn kòkòrò eyín. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún eyín, àmọ́ kì í ṣe kòkòrò tó ń rákò. Bakitéríà tí ojú ò lè rí ló ń gbé lára eyín gbogbo wa, ṣúgà sì ni oúnjẹ wọn. Bí a bá mu nǹkan dídùn, wọ́n á jẹ nínú rẹ̀, wọ́n á wá tú ásíìdì jáde. Ásíìdì yẹn ló ń dá ihò sí eyín.

Ọ̀nà kejì ò tiẹ̀ nílò kòkòrò kankan, torí ásíìdì ti wà nínú ohun mímu náà fúnra rẹ̀. Ohun tó bo eyín lóde, tí àwọn dókítà ń pè ní enamel, le ju egungun lọ. Síbẹ̀, ásíìdì ń yọ́ ọ. Òdiwọ̀n pH ni wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó. Omi lásán wà ní nǹkan bíi 7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan náà ń kan sí i. Bí ẹnu bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 5.5 lọ, enamel á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kólà wà ní nǹkan bíi 2.5, ọ̀pọ̀ energy drink wà nítòsí 3, omi ọsàn nítòsí 3.5. Zobo mi ńkọ́? Òun náà wà láàárín 2.5 sí 3.

Bí ẹ bá ń jiyàn, ẹ bi màmá yín bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ìṣápá. Wọ́n á kọ́kọ́ sè é, wọ́n á da omi rẹ̀ nù kí ó má baà kan jù, kí wọ́n tó fi ẹ̀gúsí sí i. Ìṣápá pupa náà ni wọ́n fi ń ṣe zobo o! Omi tí màmá ń dà nù, òun làwa ń rọ sínú ìgò. Mi ò ní zobo burú fún ara. Eyín ni mò ń sọ.

Eyín ò mọ iye ìgò

Itọ́ ẹnu wa ló ń fọ ásíìdì kúrò, tó sì ń tún eyín ṣe. Àmọ́ ó máa ń gbà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Bí ẹ bá mu ìgò kan tán pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni eyín jìyà. Bí ẹ bá ń mu ún díẹ̀díẹ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, itọ́ ò ráyè ṣiṣẹ́ rárá. Ìgò kan náà ni, owó kan náà ni, àmọ́ ìyà ò dọ́gba. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń fi energy drink lé oorun lọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ti ṣúgà náà kì í ṣe kékeré. Ẹ yẹ ara ìgò wò. Bí ó bá jẹ́ 10 gíráàmù nínú 100ml, ìgò 50cl ní 50 gíráàmù, bíi ṣíbí tíì méjìlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2015 pé kí ṣúgà má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Fún àgbàlagbà, ìyẹn tó nǹkan bíi 50 gíráàmù. Ìgò kan ti gbé e tán! Ìjọba àpapọ̀ fi owó orí ₦10 lé lítà mínírà kọ̀ọ̀kan nínú Finance Act 2021, ìyẹn ₦5 lórí ìgò 50cl. Ta ni ₦5 fẹ́ dá dúró ní Èkó?

Ẹ má sì jẹ́ kí “zero sugar” tàn yín. Kòkòrò ò ní rí ṣúgà jẹ níbẹ̀, àmọ́ ásíìdì ṣì wà.

Kí la lè ṣe?

Ẹ mu ún pọ̀ mọ́ oúnjẹ, kí ẹ sì mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi omi lásán yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fọ eyín lójú ẹsẹ̀, torí ásíìdì ti mú kí ó rọ̀, búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò á kàn máa ha á lọ ni. Ẹ dúró tó wákàtí kan. Ẹ lo ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Bí ẹ bá ti fọ eyín lálẹ́, omi nìkan ni kó wọ ẹnu. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sùn ti ìgò ohun dídùn.

Bí eyín bá ti ń kan yín, ẹ má dúró dìgbà tó bá ń ro yín. LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Egungun tó ṣẹ́ lè jinná, àmọ́ enamel tó bá ti lọ kì í hù padà. Àwa tí à ń fi èjí yangàn nínú selfie, ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn.

Mo ṣì ń rajà lọ́wọ́ màmá Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní, “Kọ́sítọ́mà mi, zobo tèmi ò ní ṣúgà púpọ̀ o!” Mo ní, “Màmá, mo mọ̀. Ẹ bá mi fi pure water kan sí i.” Ilé ni mò ń gbé zobo lọ báyìí, ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ ni mo ti ń mu ún. Pure water ni mò ń mu nínú bọ́ọ̀sì.